Ìwé Owó Ilé-Ìwòsàn: Bí A Ti Ń Ka Kóòdù Iṣẹ́ Abẹ Oríkèé Ọrùn-Ọwọ́ ní Amẹ́ríkà

Nínú Ìhìn Rere Máàkù orí 5, a kà nípa obìnrin kan tí ìsun ẹ̀jẹ̀ bá fínra fún ọdún 12. Àìsàn nìkan kọ́ ló fìyà jẹ ẹ́. Owó ìtọ́jú pẹ̀lú ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ kí ó tó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ Olúwa. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́ láàárín àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù ìwé tó ń ti ilé-ìwòsàn bọ̀ ju bí wọ́n ti ń bẹ̀rù abẹ dókítà lọ. Àwọn kan á ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí láìṣí i wò. Àwọn kan á san gbogbo iye tó wà níbẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Àwọn mìíràn, nítorí ìbẹ̀rù gbèsè, á sá fún ìtọ́jú tó lè gba ẹ̀mí wọn là.

Nítorí náà la ṣe rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ìwé owó wọ̀nyí ti ń wáyé. A kò lè sọ̀rọ̀ nípa gbogbo àìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo la ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ṣíṣí oríkèé ọrùn-ọwọ́ láti gé ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lóye ìwé owó rẹ̀ yóò lè ka ti èyí tó tóbi jù ú lọ.

Kí Ni Iṣẹ́ Abẹ Náà?

Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ni Ẹlẹ́dàá tò sí ọrùn-ọwọ́ ènìyàn, tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀ mọ́ egungun méjì tó wà ní apá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó bo inú oríkèé náà, òun ló sì ń sun omi tó ń jẹ́ kí egungun máa yí láìha ara wọn. Nígbà mìíràn awọ yìí á wú, oríkèé á kún fún omi, ẹni náà kò sì ní lè fún aṣọ tàbí kí ó gún iyán mọ́. Ó lè jẹ́ làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé run. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọlé síbẹ̀, àní kòkòrò ikọ́ ife pàápàá lè sá pamọ́ sínú oríkèé láìjẹ́ pé ẹni náà ń wúkọ́. Ó sì lè jẹ́ èèhù tó hù lára awọ náà.

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán kò bá fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn, dókítà lè pinnu láti gé díẹ̀ lára awọ náà kí wọ́n fi awò asọǹkandi-ńlá wò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ni dókítà lè gbà dé inú oríkèé. Èkíní ni pé kí ó fi abẹ́rẹ́ fa omi jáde. Èkejì ni pé kí ó lu ihò kékeré kan, kí ó sì ti ọ̀pá tíńrín tó ní awò lórí wọlé. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó fi abẹ ṣí oríkèé náà gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn, nítorí pé owó wọn kò dọ́gba, nọ́mbà wọn kò sì jọra.

Èdè Méjì Tí Ilé-Ìwòsàn Ń Sọ

Ní ilé wa ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń san owó lórí tábìlì kí a tó rí dókítà. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, ìwé á sì tẹ̀ lé e. Láàárín dókítà àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, nọ́mbà ni èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Èdè náà pín sí méjì: ọ̀kan ń sọ ohun tí dókítà ṣe, èkejì ń sọ ìdí tí ó fi ṣe é.

Èyí tó ń sọ ohun tí dókítà ṣe ni wọ́n ń pè ní CPT. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, American Medical Association, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1966, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá Medicare fún àwọn àgbàlagbà àti Medicaid fún àwọn tí kò rí já jẹ sílẹ̀. Nọ́mbà márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú kóòdù CPT kọ̀ọ̀kan, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún ìwé náà ṣe.

Èyí tó ń sọ orúkọ àìsàn ni ICD, ó sì ti pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1893 ni Jacques Bertillon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ohun tó ń pa ènìyàn kalẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè lè máa ka òkú wọn lọ́nà kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba iṣẹ́ náà ní ọdún 1948, wọ́n sì fi àìsàn tí kò pa ènìyàn kún un. Ẹ̀dà tí Amẹ́ríkà ń lò, ICD-10-CM, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Òfin HIPAA ti ọdún 1996 ló mú kí ó di dandan pé kí gbogbo ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa lo èdè kan náà nígbà tí wọ́n bá ń fi ìwé ránṣẹ́ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Kóòdù 25100 àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀

Bí dókítà bá fi abẹ ṣí oríkèé ọrùn-ọwọ́, tí ó gé ẹran ara díẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí ó sì dì í padà, kóòdù rẹ̀ ni 25100. Ṣùgbọ́n nọ́mbà yìí ní aládùúgbò púpọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti máa ń wọlé.

25101 ni ti ẹni tí dókítà ṣí oríkèé rẹ̀, tí ó sì yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò, yálà ó gé ẹran ara níbẹ̀ tàbí kò gé, yálà ó yọ ègé egungun tó já tàbí ohun àjèjì tàbí kò yọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé gígé ẹran ara ti wà nínú 25101 tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí a rí 25100 àti 25101 papọ̀ nínú ìwé kan náà fún ọrùn-ọwọ́ kan náà ní ọjọ́ kan náà. Bí ẹni tó gé iyán fún ni bá gba owó iyán tán, kò tún yẹ kí ó gba owó òkèlè.

25105 ni ti yíyọ awọ tó bo inú oríkèé náà kúrò. Ó dájú pé wọn á fi awọ tí wọ́n yọ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n fífi í ránṣẹ́ kò sọ ọ́ di iṣẹ́ abẹ kejì.

29840 ni ti ọ̀pá tíńrín tó ní awò, tí dókítà fi wo inú oríkèé, yálà ó gé díẹ̀ lára awọ náà tàbí kò gé. Bí dókítà bá fi ọ̀pá yìí bẹ̀rẹ̀, tí ó rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì wá fi abẹ ṣí ibẹ̀, èyí tó fi abẹ ṣe nìkan ni òfin Medicare gbà kí ó gba owó lé lórí.

20605 ni ti abẹ́rẹ́ tí a fi fa omi jáde nínú oríkèé tó tóbi níwọ̀n, irú ọrùn-ọwọ́. Bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán láti darí abẹ́rẹ́ náà, ó di 20606. 25065 àti 25066 sì jẹ́ ti ẹran ara tó wà lẹ́yìn òde oríkèé, ní apá tàbí ní ọrùn-ọwọ́: èkíní fún èyí tí kò jinlẹ̀, èkejì fún èyí tó jinlẹ̀.

Ta ni ó wá ń pinnu èyí tí a ó kọ? Ìwé tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni. Ẹni tó ń kọ kóòdù kò sí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun tó kà nínú ìwé ni ó lè jẹ́rìí sí. Bí dókítà bá yẹ gbogbo oríkèé wò ṣùgbọ́n tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, 25100 ni yóò jẹ́. Bí ó bá sì kọ pé abẹ́rẹ́ lòun lò, kò sí ẹni tó láṣẹ láti sọ ọ́ di abẹ.

Lẹ́yìn kóòdù ni àmì àfikún máa ń tẹ̀ lé. RT ń tọ́ka sí apá ọ̀tún, LT sí apá òsì, 50 sì ń tọ́ka sí ọwọ́ méjèèjì. Àmì kékeré wọ̀nyí ṣe pàtàkì. Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, tí kóòdù àìsàn sì ń sọ ti òsì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè dá ìwé náà padà láìsan kọ́bọ̀.

Kóòdù Àìsàn: A Kì Í Jẹ́rìí Sí Ohun Tí A Kò Tíì Mọ̀

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran ara yẹn, dókítà kò tíì mọ àìsàn náà; ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an ni ó gbé abẹ sí. Òfin ICD-10-CM fún àwọn tí kò sùn sí ilé-ìwòsàn sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ kóòdù àìsàn tí a kàn ń fura sí. Ohun tó dá wa lójú ni kí a kọ. Bí ó bá jẹ́ ìrora ni, M25.531 ni ti ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún, M25.532 sì ni ti òsì. Bí ó bá jẹ́ pé oríkèé kún fún omi, M25.431 ni ti ọ̀tún, M25.432 ni ti òsì.

Bí àbájáde àyẹ̀wò bá ti dé kí ìwé owó tó jáde, tí dókítà sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà náà ni a lè kọ orúkọ àìsàn gan-an. A18.02 ni ti ikọ́ ife inú oríkèé. M12.231 ni ti irú èèhù kan tó máa ń hù lára awọ oríkèé ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ká ní ẹnì kan kánjú kọ ikọ́ ife tàbí jẹjẹrẹ sí ìwé ìyá àgbà kan nítorí pé dókítà ń fura sí i. Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé làkúrègbé lásán ni, kóòdù yẹn ti wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Dókítà mìíràn lè rí i ní ọdún márùn-ún sí i kí ó sì gbà á gbọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe adójútòfò ẹ̀mí lè béèrè ìwé náà kí ó sì fi owó kún ohun tí ìyá yóò máa san. Ẹ̀rí tí kò tọ́ nípa ọmọnìkejì ni, bí a tilẹ̀ fi nọ́mbà kọ ọ́.

Ìdí Tí Ìwé Owó Fi Ń Wá Láti Ọ̀nà Púpọ̀

Ọ̀pọ̀ ará máa ń rò pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ nígbà tí ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dé fún iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹni mẹ́rin ló ṣiṣẹ́, oníkálukú wọn sì ń béèrè owó tirẹ̀.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni èkíní, òun ló ni 25100. Ẹni tó kun aláìsàn lóorun tàbí tó pa apá rẹ̀ kú ni èkejì. Kóòdù rẹ̀ ni 01830, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣírò owó rẹ̀ yàtọ̀: ìdá mẹ́ta ni wọ́n fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan. Bí iṣẹ́ náà bá gba ìṣẹ́jú 45, ìdá mẹ́ta àti mẹ́ta di mẹ́fà, wọn á wá fi iye owó ìdá kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ilé-ìwòsàn tó ni yàrá, ibùsùn, irin iṣẹ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwé dókítà máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù CMS-1500, ti ilé-ìwòsàn sì máa ń wà lórí UB-04.

Ẹ̀kẹrin ni yàrá àyẹ̀wò. Dókítà tó fi awò asọǹkandi-ńlá wo awọ oríkèé ń lo 88305. Ègé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sínú ìgò ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀tọ̀ sí lára ni wọ́n ń ka owó lé lórí. Bí wọ́n bá tún wá kòkòrò àrùn, 87070 ni ti kòkòrò gbogbogbò, 87116 ni ti irú kòkòrò ikọ́ ife. Kòkòrò ikọ́ ife kì í tètè hù; ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí yàrá àyẹ̀wò tó lè sọ pé kò sí. Nítorí náà, bí ìwé owó kan bá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà wáyé ni kí ẹ wò.

Báwo ni wọ́n ti ń mọ iye tí 25100 tó? Láti ọdún 1992 ni Medicare ti ń wọn iṣẹ́ dókítà kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n mẹ́ta: làálàá iṣẹ́ náà, ìnáwó ọ́fíìsì, àti owó adójútòfò tí dókítà ń san nítorí ẹjọ́. Wọ́n á wo bí nǹkan ti wọ́n tó ní àdúgbò náà, wọ́n á sì fi iye kan tí wọ́n ń kéde lọ́dọọdún sọ ọ́ di púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni máa ń fi ti Medicare ṣe àtẹ̀gùn. Nítorí náà, iye ńlá tó wà lókè ìwé ilé-ìwòsàn kì í sábà jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni yóò san. Iye tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbà wọlé ni ó ṣe pàtàkì, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìpín aláìsàn. Fún ẹni tó wà lórí Medicare àtijọ́, bí ó bá ti san iye tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àpò rẹ̀ jáde lọ́dún, ìpín rẹ̀ nínú owó dókítà jẹ́ ìdá 20 nínú 100.

Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Tí Owó Kan Ṣoṣo Bò

Medicare ka 25100 sí iṣẹ́ abẹ ńlá. Ìtumọ̀ èyí ni pé owó kan náà ló bo ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, àti 90 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 92. Láàárín àkókò yìí, bí ẹ bá padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ kan náà láti wo ojú ọgbẹ́, láti pààrọ̀ báńdéèjì, tàbí láti yọ okùn tí wọ́n fi rán an, kò yẹ kí ó kọ owó mìíràn lé e lórí.

Àwọn ohun kan wà lẹ́yìn òde rẹ̀. Ìbẹ̀wò tí dókítà ti pinnu pé iṣẹ́ abẹ yẹ ní owó tirẹ̀; bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n á fi àmì 57 sí i. Bí ẹ bá lọ bá dókítà náà nítorí àìsàn mìíràn tí kò kan ọwọ́ yẹn, àmì 24 ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn padà sínú yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí wàhálà tó ti ara iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, àmì 78 ni. Yàrá àyẹ̀wò, àwòrán, àti àwọn tó ń kọ́ ọwọ́ láti tún ṣiṣẹ́ náà ní owó tiwọn.

Ohun Tí Ará Lè Ṣe

Olúwa wa kọ́ wa nínú Lúùkù orí 14 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè kóòdù tí dókítà fẹ́ lò. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹ sọ kóòdù náà fún wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá a lè ṣe é ní ilé iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ilé-ìwòsàn ńlá, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà owó ibẹ̀ máa ń kéré jù.

Ẹni tí kò ní adójútòfò rárá, tàbí tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ san án, ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin No Surprises Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, láti gba ìwé tó sọ iye tí wọ́n fojú bù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé owó bá fi 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju iye náà lọ, ó lè pe ẹjọ́ láàárín 120 ọjọ́. Òfin kan náà dáàbò bo ẹni tó ní adójútòfò aládàáni: bí ilé-ìwòsàn bá wà lára àwọn tí adójútòfò rẹ̀ bá ṣe àdéhùn, ẹni tó kun ún lóorun tàbí dókítà yàrá àyẹ̀wò kò lè wá fi iye àjèjì dẹ́rù bà á nítorí pé òun kò sí nínú àdéhùn náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwé àkọ́kọ́ tó máa ń dé láti ọ̀dọ̀ adójútòfò ni ìwé àlàyé tí wọ́n ń pè ní EOB. Kì í ṣe ìwé gbèsè. Ẹ má san owó lé e lórí. Ẹ fi í pa mọ́ títí ìwé ilé-ìwòsàn yóò fi dé, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ béèrè ìwé tó to gbogbo iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú kóòdù wọn. Ẹ tún lè béèrè ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ náà. HIPAA fún yín ní ẹ̀tọ́ sí i, ọjọ́ 30 sì ni wọ́n sábà ní láti fi fún yín. Ẹ wò ó: ṣé ọwọ́ tó tọ́ ni wọ́n kọ? Ṣé 25100 àti 25101 wà pa pọ̀? Ṣé wọ́n gba owó ìbẹ̀wò láàárín 90 ọjọ́?

Bí adójútòfò aládàáni bá kọ̀ láti san, ẹ ní ọjọ́ 180 láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bí ó bá tún kọ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà kò pọn dandan, ẹ ní oṣù mẹ́rin láti gbé e lọ síwájú aṣàyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Àwọn tó wà lórí Medicare àtijọ́ ní 120 ọjọ́ fún ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí owó náà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí nílé, ẹ má ṣe sá. Òfin ìlera ọdún 2010 pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè ní ìlànà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 240 láti ìgbà tí ìwé owó àkọ́kọ́ bá dé ni ẹ ní láti kọ̀wé béèrè, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé yín lọ sí kóòtù nítorí gbèsè náà láàárín 120 ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ará Wa Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Kóòdù

Àwọn kan nínú wa ló ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ọlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá lè fẹ́ kí a sọ 25100 di 25101 nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí kí a pín iṣẹ́ kan sí méjì. Ìwé Òwe kórìíra òṣùwọ̀n èké, òfin ilẹ̀ náà pẹ̀lú sì kórìíra rẹ̀. Òfin False Claims Act, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1863 lásìkò Ààrẹ Abraham Lincoln nítorí àwọn tó ń ta ọjà jẹgúdújẹrá fún àwọn ọmọ ogun, ni wọ́n fi ń mú àwọn tó ń fi ìwé èké gba owó Medicare lónìí. Ẹni tó bá jẹ̀bi lè san ìlọ́po mẹ́ta owó náà, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé dókítà kò bá yé yín, ẹ kọ ìbéèrè sí i, kí ẹ dúró de èsì rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á lérò.

Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ìránṣẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin bàbá wa olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin ìyá ìjọ, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ará ń gbé ìwé wọ̀nyí wá. A bẹ̀ yín pé kí àwọn ìgbìmọ̀ àánú ìjọ má ṣe kọ́kọ́ ṣí àpò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé ìwé EOB ti dé? Ṣé a ti rí ìwé tó to kóòdù lẹ́sẹẹsẹ? Ṣé ará wa ti béèrè ìrànlọ́wọ́ ilé-ìwòsàn? Owó ọrẹ àkànṣe tí a ì bá fi san ohun tí ilé-ìwòsàn ì bá dárí jì lè ran opó mìíràn lọ́wọ́. Ní ìjọ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kóòdù bá wà, ẹ jẹ́ kí ó máa jókòó ti àwọn àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn ìsìn láti bá wọn ka ìwé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sì pa àṣírí mọ́. HIPAA di ilé-ìwòsàn àti adójútòfò lọ́wọ́. Ní gbogbogbòò, kò de ìjọ. Ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn wà lórí ìwé owó, ẹni tó bá mọ bí a ti ń ka kóòdù yóò sì rí i. Àìsàn tí ará kò fúnra rẹ̀ sọ kò gbọdọ̀ di kókó àdúrà lórí pẹpẹ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ọwọ́ bá ń wú, tí dókítà sì ní kí a gé díẹ̀ wò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù ìwé owó dá yín dúró. Oríkèé tí kòkòrò ń jẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ gba ìtọ́jú, ẹ béèrè kóòdù, ẹ ka ìwé yín, ẹ san ohun tó tọ́, kí ẹ sì bá wọn jiyàn pẹ̀lú ìwà tútù lórí èyí tí kò tọ́.

Kí Olúwa, Oníṣègùn ńlá, wo ọwọ́ gbogbo tó ń ro wá sàn, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti mójú tó ohun tí ó fi sí ìkáwọ́ wa. Àmín.